Méje Dọ́gba Pẹ̀lú Méje

Ní ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, Dúrójayé ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé n'Ìkẹ̀rẹ́ débi pé àwọn tó kọ́ níṣẹ́ ti di ọ̀gá rẹ̀. Ìṣirò ló dè é mọ́lẹ̀. Bí kò bá yege nínú rẹ̀ ní GCE, ibi tó wà náà ni yóò ti fẹ̀yìn tì.

Adéjọkẹ́ ìyàwó rẹ̀, tíṣà ìṣirò ní ilé-ìwé girama, ló ń kọ́ ọ. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìdọ́gba méjì sára ilẹ̀kùn ilé ìdáná: x + y = 7, àti 2x + y = 10.

“Bàbá Tèmítáyọ̀, ẹ wá y nínú ti àkọ́kọ́.”

Dúrójayé ní y jẹ́ 7 − x.

“Ẹ káre. Ẹ fi rọ́pò y wàyí.”

Ó fi rọ́pò rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ inú ìdọ́gba àkọ́kọ́ náà ló tún dá a padà sí. x pa x rẹ́. Ó kọ 7 = 7, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó gbọn ọwọ́ nù.

“Méje dọ́gba pẹ̀lú méje.”

“Ta ló bá yín jiyàn?”

“Ṣé mo ṣì í ni?”

“Ẹ ò ṣì í. Ṣùgbọ́n x ń kọ́?”

Dúrójayé wo ilẹ̀kùn lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. “Ó ti lọ.”

Ìyá rẹ̀ tó wà nídìí ààrò gbórí sókè. “Ta ló lọ?”

“X ni, Màmá.”

“Láì jẹun? Uṣu mà ti jinná.”

Adéjọkẹ́ mí kanlẹ̀. “Bí Akínlabí ọ́fíìsì yín bá sọ ìdajì ọ̀rọ̀ fún yín, ṣé òun náà lẹ ó tún bi ní ìdajì tó kù?”

“Rárá o. Ohun tó mọ̀ ló ti sọ yẹn.”

“Ẹ jẹ́ ká lọ bi ẹlòmíì nígbà náà.”

Dúrójayé tún mú ṣọ́ọ̀kì. Ó fi 7 − x rọ́pò y nínú ìdọ́gba kejì, ó kọ 2x + 7 − x = 10. x ṣẹ́ ku ẹyọ kan, ó jẹ́ 3. Y jẹ́ 4. Ó dìde, ó tún jókòó. Ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìsàmì fún.

“Ìyá Tèmítáyọ̀,” ló wí jẹ́jẹ́, “kọ òmíràn.”

Nígbà tí èsì dé, ó yege nínú ìṣirò, wọ́n sì gbé e sókè níbi iṣẹ́. Inú èdè Yorùbá, tó ṣe pọ̀ mọ́ ọn, ló ti fìdí rẹmi: “uṣu” ló ń kọ dípò “iṣu”.

“Ará ibo ló máàkì ìdánwò ọ̀hún?” ni ìyá rẹ̀ bi í.

“A ò mọ̀, Màmá.”

“Kì í ṣe ará Ìkẹ̀rẹ́.”