Ibi Ọ̀rọ̀ Sísọ

Ọdún mẹ́jọ ni Uswat àti Quadri ọkọ rẹ̀ fi gbé yàrá kan ṣoṣo ní Agége kí wọ́n tó rí yàrá àti pálọ̀ gbà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ ni inú Uswat ti ń dùn ṣìnkìn. Bó ṣe dé ẹnu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, nílé Màmá Rachael tó ń bá tún ilé ṣe ní GRA Ìkẹjà, kò tíì mú ìgbálẹ̀ tó fi sọ fún wọn.

“Mà, àwa náà ti ní pálọ̀.”

Màmá rẹ́rìn-ín. Tíṣà èdè Faransé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. “Àwọn ọmọ mi ò pè é ní pálọ̀ mọ́. Ṣé o mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá?”

“Ọ̀dọ̀ Òyìnbó ni, mà.”

“Ọwọ́ Faransé ni Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á kó tó kàn wá. Láyé àtijọ́, àwọn ẹlẹ́sìn Kírísítì kan ń gbé pọ̀, wọn kì í déédéé la ẹnu. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ti láyè láti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn: ibi ọ̀rọ̀ sísọ.”

Ọkàn Uswat lọ sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí Quadri àti Dàwódù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti jà nítorí ibi tí wọn ó sin ìyá wọn sí, Èkó ni tàbí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọn kò kí ara wọn mọ́.

Bó ṣe ṣiṣẹ́ tán, Ìlúpéjú ló gbà lọ, ó dúró de Dàwódù lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ tó ti ń jó irin. Ó kúnlẹ̀. “Bọ̀dá mi, ẹ wá wo pálọ̀ wa lọ́jọ́ Àìkú.”

“Ṣé ọkọ rẹ mọ̀ pé o wá?”

“Kò mọ̀, sà. Èmi ni mo pè yín.”

Lọ́jọ́ Àìkú, Quadri ló ṣílẹ̀kùn. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dúró gbagidi.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ni Uswat wí, “ẹni tí ò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó wọ yàrá lọ. Ibi ọ̀rọ̀ sísọ ni pálọ̀.”

Dàwódù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Quadri dọ̀bálẹ̀. “Ẹ má bínú. Mo jágbe mọ́ yín níwájú èrò.”

“Dìde. Èmi náà ò fẹ́ gbọ́ tìẹ lọ́jọ́ náà.”

Wọ́n jókòó sórí ẹní, nítorí kò tíì sí àga. Ìtàn ìyá wọn ni wọ́n ń sọ títí tí wọ́n fi pe ìrun Àsárì ìrọ̀lẹ́ ní mọ́ṣáláṣí. Inú Uswat dùn débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ló bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́ tán bẹ́ẹ̀, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.