Ohùn Tí Aláràbarà Yá Lò

Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n bá ti kírun alásárì tán, Basit á fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Bẹẹrẹ, á fa tábìlì tó fi ń gé aṣọ sáàárín, eré á sì bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í ta ayò, wọn kì í wo bọ́ọ̀lù. Ìlú kan tí kò sí láyé ni wọ́n jọ ń gbé níbẹ̀, oníkálukú ló sì mú ẹ̀dá kan tó ń gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tèmítọ́pẹ́, olùkọ́ ilé ìwé, ló máa ń ròyìn ìlú náà fún wọn. Tí ọ̀rọ̀ bá dojú rú, wọ́n á da dáìsì lúdò. Jamilah, tí òun àti Basit jọ dàgbà ní agboolé kan náà l'Ọ́jà'ba kí àwọn òbí Basit tó kó lọ sí Mọ́lété, ni oníbodè. Basit ni ọ̀tá ìlú.

Ká má purọ́, ó mọ ọ̀tá í ṣe. Aláràbarà ló sọ ẹ̀dá tirẹ̀, kò sì fẹ́ kó jẹ́ ìkà lásán. Aláràbarà máa ń jí ọkà olówó kó, á fi bọ́ àwọn tí ìlú lé dà sígbó. Ó ti pa ẹ̀ṣọ́ méje, ó sì mọ orúkọ àwọn méjèèje, ó ń ṣàdúrà fún wọn. Ohun tó mú eré náà dùn nìyẹn, wọn ò mọ̀ bóyá kí wọ́n kórìíra rẹ̀ ni tàbí kí wọ́n ṣàánú rẹ̀.

Àmọ́ kò rí ìlú wọ̀. Òfin eré ni pé dáìsì ò lè ṣí ilẹ̀kùn odi, àfi kí oníbodè ṣí i fúnra rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Basit fi bẹ Jamilah. Ó halẹ̀, ó ṣèlérí wúrà, ó gbé ọmọ aláìsàn dé ẹnubodè, Jamilah ní kó gbé ọmọ rẹ̀ padà sígbó. Tèmítọ́pẹ́ wá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀tá wo ló ń sùn síta bí ewúrẹ́ tí wọ́n gbàgbé. Ọ̀rọ̀ náà dun Basit ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ Ìbàdàn kì í fẹ́ gbọ́ pé òun ò lè jagun, kódà kó jẹ́ ogun orí tábìlì.

Ní ọjọ́ Àìkú kẹrin, ó rántí nǹkan kan. Ìyá Jamilah, tó kú nínú ààwẹ̀ èṣí, ń ta aṣọ ní Gbági nígbà ayé rẹ̀. Tó bá ti ọjà dé pẹ̀lú ẹrù, ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀, á dúró síta, á fi oríkì pe ọmọ rẹ̀. Gbogbo agboolé ló mọ ìpè náà. Basit dijú, ó tún ọ̀fun ṣe, ó sì fi ohùn obìnrin náà gan-an sọ ọ́.

"Àwẹ̀ró o, wá ṣílẹ̀kùn fún mi, ẹrù yìí ti ń wọ̀ mí lọ́rùn."

"Mò ń bọ̀, Màámi," ni Jamilah wí. Ó ti dìde, ó ti di ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mú kó tó rántí ibi tó wà.

Tèmítọ́pẹ́, tí kò mọ ohùn ẹni tó jẹ́, pàtẹ́wọ́, ó ní ilẹ̀kùn odi ti ṣí nìyẹn, ìlú ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Inú Basit dùn. Ohun tó ń jẹ ẹ́ níyà títí dòní nìyẹn, pé inú rẹ̀ dùn. Jamilah mú báàgì rẹ̀, ó ní orí ń fọ́ òun, ó sì lọ.

Kò wá lọ́sẹ̀ kejì, kò wá lọ́sẹ̀ kẹta. Basit ń sọ fún ara rẹ̀ pé Aláràbarà ló sọ̀rọ̀, kì í ṣe òun, eré ṣáà ni. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, kì í bèèrè bóyá eré ni wọ́n fi jù ú. Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó gba Ọjà'ba lọ.

Alhaji Yẹ̀kínì, bàbá Jamilah, ló bá níta. Ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Bàbá bi í léèrè bóyá ó mọ ohun tó ń ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀, nítorí bí àwọn bá pè é ní Àwẹ̀ró báyìí, kì í jẹ́ mọ́. Jamilah nìkan ló ní kí wọ́n máa pe òun. Basit ò lè wo ojú bàbá náà.

Jamilah jáde wá. "Ẹ káàbọ̀," ló wí. Láti kékeré wọn, wọn ò fi "ẹ" bá ara wọn sọ̀rọ̀ rí. Basit bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíì ló tẹ̀ lé òun dé.

Ó ti há ẹ̀bẹ̀ sórí láti Bẹẹrẹ, gbogbo rẹ̀ sì fò lọ.

"Èmi ni mo sọ ọ́," ló wí. "Kì í ṣe Aláràbarà."

"Mo mọ̀. Mo ti forí jì yín. Àmọ́ tí mo bá dijú kí n lè gbọ́ bí Màámi ṣe ń pè mí, ohùn yín ni mò ń gbọ́."

Basit la ẹnu láti tún bẹ̀ ẹ́. Ó rántí pé ohùn náà ni Jamilah tún máa gbọ́, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé.