Lẹ́tà Kẹrin Lórí Okùn

1.

…tí mo bá sì ti tẹ FAGI LÉ E, àpótí kékeré náà á lọ. Ojú kọ̀ǹpútà á mọ́. Gbogbo lẹ́tà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe.

Ohun tó tàn mí jẹ nìyẹn.

Rárá. Kò tàn mí jẹ. Mo máa dé ibẹ̀.


2.

Ìwé tó wà lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wa ní Mọ́níyà. Àlàájà ló sọ ọ́, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́:

     ÌKÉDE
     Ẹni tí kò bá ní ímeèlì lè lo ti ṣọ́ọ̀bù yìí.
     Kọ orúkọ rẹ àti orúkọ abúlé rẹ sínú ìwé wa.
     Tí lẹ́tà rẹ bá dé, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde, a ó fi há okùn.
     Ọjọ́ ọjà ni kí o wá wo okùn.
     Má ka lẹ́tà ẹlòmíràn. Ọlọ́run ń wò ọ́.

Okùn náà ta láti ojú fèrèsé dé ibi ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì. Irú èyí tí wọ́n ń sá aṣọ sí ni. Pẹ́ẹ̀gì aṣọ la sì fi ń há lẹ́tà mọ́ ọn.


3.

Àwọn tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí:

Èmi, Rùqáyyàh. Mo ń tẹ̀wé, mo ń ṣí ímeèlì, mo ń há lẹ́tà. Girama kẹta ni mo ti kúrò níléèwé. Inú ìwé ìtàn tí mo yá ni mo ti kọ́ ìyókù.

Àlàájà Mùsílímátù, tó ni ṣọ́ọ̀bù. Wọn kì í kàwé. “Ọ̀rọ̀ ìwé, tìẹ ni,” ni wọ́n máa ń sọ fún mi.

Motúnráyọ̀, ọ̀rẹ́ mi, láti Onídùńdú. Tíṣà iléèwé Onítẹ̀bọmi ni bàbá ẹ̀ kí wọ́n tó kú. Wọ́n fi páálí ìwé ìtàn kan sílẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń yá mi. Fóònù tọ́ọ̀ṣì ló ń lò. Ó fẹ́ di agbẹ̀bí.

Nígbà tó ń kọ fọ́ọ̀mù iléèwé àwọn agbẹ̀bí, tó dé ibi tí wọ́n ti béèrè ímeèlì, èmi ni mo ní kó kọ ti ṣọ́ọ̀bù. Mo ní, “Ọwọ́ mi ni lẹ́tà ẹ máa kọ́kọ́ bọ́ sí.”



(Nọ́ńbà tó kàn ò sí níbí. Mo fò ó. Mo máa padà wá.)



5.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án. Wọ́n jí fóònù Àlàájà nínú mọ́tò. Wọ́n ra òmíràn lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n sì ní kí n pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù ímeèlì wa kí olè má baà máa ka lẹ́tà àwọn ará abúlé.

Orí fóònù tuntun náà ni mo ti pààrọ̀ ẹ̀. Ó bi mí bóyá kí òun máa fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí fóònù kí ẹnikẹ́ni tó lè wọlé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo rò pé mo gbọ́n.

Mo kọ páásíwọ́ọ̀dù tuntun sẹ́yìn ìwé wa. Àlàájà gbé fóònù wọn lọ.

Mi ò sọ fún kọ̀ǹpútà.


6.

     ┌──────────────────────┐
         Tẹ páásíwọ́ọ̀dù rẹ
         • • • • • • • •
         [ Ó DÁA ]   [ FAGI LÉ E ]
     └──────────────────────┘

Òyìnbó ló fi ń sọ ọ́. Èmi ni mo túmọ̀ ẹ̀. Ọjọ́ kẹrin ló kọ́kọ́ yọ. Mo tẹ páásíwọ́ọ̀dù tuntun sí i. Ó lọ. Kí n tó mí, ó ti padà dé.


7.

Ohun tí mo ṣe sí i lọ́jọ́ náà:

Mo tún un tẹ̀.
Mo tún un tẹ̀, mo ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sókè bí ọmọ jẹ́léósinmi.
Mo wò ó bóyá lẹ́tà ńlá ló ń jáde.
Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn.
Mo yọ wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, mo dá a padà síbẹ̀.
Mo ṣe bísímílà.
Mo tẹ FAGI LÉ E.

Mi ò pe ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà Ẹ̀gbọ́n Wándé, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ajíbọ́dé, wà lára ògiri níwájú mi. Àmọ́ wọ́n ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí pé tí eṣinṣin bá bà lé kọ̀ǹpútà, mo máa pe àwọn. Ojú tì mí.


8.

Ìwé tí mo ń kà lọ́sẹ̀ náà: obìnrin kan jókòó sójú fèrèsé, ó ń dúró de lẹ́tà tí kò dé. Mo sunkún fún un. Tí àpótí náà bá yọ, ọwọ́ òsì ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Mi ò gbójú kúrò nínú ìwé.


9.

Ọjọ́ kẹsàn-án. Ọjọ́ ọjà. Motúnráyọ̀ gbé agbọ̀n ilá sórí wọlé.

MOTÚNRÁYỌ̀: Ìyá oníwèé. Ṣé wọ́n ti rántí mi?
ÈMI: Wọn ò tíì kọ̀wé.
MOTÚNRÁYỌ̀: Àbí wọ́n ti kọ̀wé, àmọ́ ìwọ ò sí nílé, o wà lójú ewé igba?
ÈMI: Lọ ta ilá ẹ.

Ọjọ́ kẹtàlá.

MOTÚNRÁYỌ̀: Okùn yìí bínú sí mi ni?
ÈMI: Wọn ò tíì kọ̀wé.
MOTÚNRÁYỌ̀: O wò ó dáadáa?
ÈMI: Mo wò ó.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún.

MOTÚNRÁYỌ̀: Ruka, wọ́n ní ọmọbìnrin kan ní Akínyẹlé ti rí tiẹ̀ gbà.
ÈMI: Bóyá orúkọ ni wọ́n fi ń tò ó. Wọn ò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹ.
MOTÚNRÁYỌ̀: Ó dáa. Ìwọ lo mọ̀. Ṣé o ti ka ìwé yẹn tán?
ÈMI: Ó kù díẹ̀.
MOTÚNRÁYỌ̀: Má sọ ìparí ẹ̀ fún mi. Ibi tí Bàbá kà á fún mi dé ni mo fẹ́ kó dúró sí.


10.

Àtúnṣe sí nọ́ńbà 9.

“Mo wò ó.” Lẹ́tà ọjọ́ kẹta ni mo wò. Òun ló wà lókè pátápátá lọ́jọ́ kẹsàn-án. Òun náà ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹtàlá. Òun ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹtàdínlógún.

Nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ tín-ín-tín kan wà: ó ń fẹ́ páásíwọ́ọ̀dù.

Mi ò rí i.

Ẹ jẹ́ kí n tún un kọ. Mo rí i. Lójoojúmọ́ ni mo ń rí i.


11.

     ┌──────────────────────┐
         Tẹ páásíwọ́ọ̀dù rẹ
         [ FAGI LÉ E ]
         [ FAGI LÉ E ]
         [ FAGI LÉ E ]
     └──────────────────────┘


12.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlélógún. Àlàájà jókòó, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara wọn, wọ́n gbójú sókè. Wọ́n ní okùn wa ti gbẹ bí okùn aṣọ ilé ẹni tó lọ sí Mẹ́kà. Wọ́n ní ṣé gbogbo ayé ti yan Mọ́níyà lódì ni.

Wọ́n kàn ń ṣe àwàdà ni. Èmi náà gbójú sókè wo okùn.

Mo pe Ẹ̀gbọ́n Wándé.


13.

WÁNDÉ: Kí ló tún bà lé e?
ÈMI: Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ó ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ó tún máa béèrè.
WÁNDÉ: Ṣé ẹ pààrọ̀ ẹ̀ ni?
ÈMI: Lórí fóònù Àlàájà, sà.
WÁNDÉ: Ẹ sì ní kó máa fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí fóònù?
ÈMI: Bẹ́ẹ̀ ni sà.
WÁNDÉ: Òun náà nìyẹn. Ti àtijọ́ ṣì wà ní ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù sí. Yọ ọ́ kúrò. Tuntun tó o sì ń tẹ̀ yẹn, kò lè gbà á, torí irinṣẹ́ ímeèlì yẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de nọ́ńbà orí fóònù. Ó ní láti ní páásíwọ́ọ̀dù tiẹ̀ lọ́tọ̀, lẹ́tà mẹ́rìndínlógún. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì lo ti máa gbà á. Gba fóònù Àlàájà sọ́wọ́.
ÈMI: Ó ti wà lọ́wọ́ mi.
WÁNDÉ: Láti ìgbà wo ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀?
ÈMI: Ó ti tó ogúnjọ́, sà.
WÁNDÉ: Kí lò ń ṣe láti ọjọ́ yẹn?
ÈMI: Mo ń fagi lé e.

Wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ì bá sàn kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí n má fi àyè sáàárín.


14.

Ìṣẹ́jú méjìlá ló gbà. Ìṣẹ́jú méjìlá péré.

Lẹ́yìn náà, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í já wọlé, ọ̀kan lórí òmíràn, mọ́kànlélọ́gọ́ta. Àwọn ọjọ́ ń kọjá lọ lójú mi láti òkè dé ìsàlẹ̀.


15.

     Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án

     Sí Motúnráyọ̀ Ọláníran

     Inú wa dùn láti sọ fún ọ pé o wà lára àwọn tí a pè
     fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wá ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún
     oṣù yìí, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Mú ìwé ẹ̀rí rẹ àti
     fọ́tò méjì lọ́wọ́.

     Ẹni tí kò bá wá, a ó fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn.


16.

Lẹ́tà náà wà nínú báàgì Àlàájà, lórí fóònù wọn, ní gbogbo ọjọ́ yẹn.


17.

Mo pe nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà.

AKỌ̀WÉ: Ṣé ẹ̀yin ni Motúnráyọ̀?
ÈMI: Rárá mà. Èmi ni mo ń bá a gba lẹ́tà ẹ̀.
AKỌ̀WÉ: Ẹ sì gbà á?
ÈMI: Àná— rárá mà. Òní.
AKỌ̀WÉ: Ha. A pe orúkọ ọmọ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ náà. Ẹ kọ̀wé wá lórí ímeèlì. Ọ̀gá máa wò ó. Mi ò ṣèlérí o.


18.

Ohun tí mo kọ fún iléèwé náà. Mo fi ránṣẹ́, ó sì lọ:

     Ẹ̀bi Motúnráyọ̀ kọ́. Ó wá béèrè lẹ́ẹ̀mẹta kí ọjọ́ yín tó pé.
     Èmi ni mo sọ fún un pé ẹ ò tíì kọ̀wé.
     Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àyè ẹ̀ fún ẹlòmíràn nítorí mi.
     Rùqáyyàh, tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tí mo kọ fún Motúnráyọ̀:

     Ọ̀rẹ́ mi, íńtánẹ́ẹ̀tì ò dára lóṣù yìí     (mo pa á rẹ́)
     Ọ̀rẹ́ mi, iléèwé náà pẹ́ kí wọ́n tó kọ̀wé     (mo pa á rẹ́)
     Ọ̀rẹ́ mi, nínú ìwé tó o yá mi, obìnrin yẹn     (mo pa á rẹ́)
     Ọ̀rẹ́ mi


19.

Mo lè pààrọ̀ déètì orí lẹ́tà náà kí n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni. Mo ronú sí i ju ìṣẹ́jú kan lọ.


20.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n. Ọjọ́ ọjà.

Mo ti há lẹ́tà mọ́kànlélọ́gọ́ta sórí okùn bí wọ́n ṣe dé, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Mi ò pààrọ̀ nǹkan kan. Pẹ́ẹ̀gì ò tó, mo fi píìnì há ìyókù. Okùn náà tẹ̀ láàárín.

Láti àárọ̀ ni mo ti ń tẹ ibi tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà. Iléèwé náà ò tíì dáhùn. Àpótí kékeré yẹn ò yọ mọ́. Kọ̀ǹpútà ò tún bi mí ní nǹkan kan mọ́.

Ìwé Bàbá ẹ̀ wà lórí tábìlì. Mi ò kà á tán. Mi ò ní kà á tán.

Mo gbọ́ ohùn ẹ̀ níta kí n tó rí i. Ó ń bá ọlọ́kadà jà pé ilá òun ti ṣẹ́. Ó wọlé. Ó rí okùn. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, kò kí mi.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ruka, wọ́n ti rántí gbogbo ayé.”

Mo ní, “Mọ́tún, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nǹkan kan fún ẹ.”

Kò gbọ́. Ọwọ́ òsì ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo ń kà á tẹ̀ lé e.

Ti Akóredé.

Ti Ìtùnúolúwa.

Ti Hasanat.



4.

Ó na ọwọ́ sí tiẹ̀.