Ṣílè Kan Lórí Ẹrù Kòkó Kan

Ọkọ mi kò jẹun kan tán lọ́dún náà. Fọlọ́runṣọ́ á gé òkèlè, á tún fi sílẹ̀ sínú abọ́, á dìde lọ sí ẹnu ọ̀nà, á máa wo ọ̀nà Ẹ̀jìgbò bóyá ẹnìkan ń bọ̀ tí yóò sọ iye tí wọ́n ń ra kòkó lónìí. Nígbà tí yóò bá fi padà, ọbẹ̀ ti tutù, èmi náà á sì ti gbé abọ́ kúrò, nítorí èmi kọ́ ni mo dá kòkó sáyé.

Ìlú Ará ni a ń gbé. Iye tí wọ́n ń ra kòkó kì í dúró lójú kan nígbà náà. Ẹni tó bá tà láàárọ̀ lè gba ṣílè mẹ́rìndínlógún lórí ẹrù kan, kí ẹni tó tà lọ́sàn-án gba mẹ́rìnlá, kí ẹni tó ń ra kòkó sì sọ fún ẹni tó dé ní ìrọ̀lẹ́ pé òun kò rà mọ́. Kò sí ẹni tó lè sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Wọ́n ní òyìnbó ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ ní ìlú wọn. Èmi ń ta èkùrọ́ ní ọjà, mo ti mọ̀ tipẹ́ pé iye owó kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n èkùrọ́ agbọ̀n kan ni tèmi. Ogún ẹrù kòkó ni ọkọ mi ń retí, orí ogún ẹrù náà sì ni ọ̀rọ̀ ọmọ wa wà.

Ọmọ́wùnmí ni àkọ́bí wa. Ó ti ka ìwé gbogbo tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ tán, orí rẹ̀ sì pé. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ tíṣà, kọ lẹ́tà pé àwọn gbà á. Pọ́n-ùn mẹ́sàn-án ni wọ́n ń béèrè, kí a san án kí wọ́n tó wọlé ní oṣù kìíní. Bí a kò bá san án, ẹlòmíràn ni wọ́n ó fi sí àyè rẹ̀. Ọmọkùnrin kan sì wà ní Másífà, Olújídé lorúkọ rẹ̀, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń wá kí wa ní ìkíkúùkí. Ọkọ mi ti sọ ọ́ tán pé ọmọ tí kò bá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kò ní máa jókòó wo ojú òun, ilé ọkọ ló ń lọ. Kò sí ohun tó ṣe Olújídé. Ìwé ni ọmọ mi ń fẹ́.

Nígbà tí a ń ro oko lọ́wọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi Mùíbì, tó ń gbé ní Ẹ̀jìgbò, wá kí wa. Ìyá kan náà ló bí wa. Ọdún mọ́kànlá ló lò ní Àbíjàn, ó gun kẹ̀kẹ́ dé, ó sì ń ra obì ránṣẹ́ sọ́hùn-ún. Kò sí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ tí kì í kọ́kọ́ fi "bọ́n" èdè Faransé bẹ̀rẹ̀, bí àwọn tó ti Àbíjàn dé ṣe máa ń ṣe, kí a lè mọ̀ pé wọ́n ti rìn jìnnà. Ó jókòó, ó ń wo ọkọ mi bó ṣe ń dìde, tó ń jókòó, tó tún ń dìde.

"Bọ́n," ó ní. "Ẹ jókòó ná, kí n sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ fún mi ní ṣílè kan lórí ẹrù kan. Ogún ẹrù, ogún ṣílè. Láti òní títí di ọjọ́ Kérésìmesì, ìgbàkígbà tí ẹ bá gbé kòkó yín wá, ṣílè mẹ́rìnlá ni n ó máa rà á, ì báà jẹ́ ṣílè méjì ni wọ́n ń rà á ní ọjà."

"Bí ó bá wá lọ sókè ńkọ́?"

"Ẹ tà á fún ẹni tó bá wù yín. Kò di dandan kí ẹ tà á fún mi. Ṣùgbọ́n ogún ṣílè yẹn ti di tèmi, ẹ kò ní rí i gbà mọ́."

"Kí ni mo wá rí gbà fún owó mi nígbà náà?"

"Oorun," ni Mùíbì dáhùn. "Ẹ ó máa sùn."

Ọ̀rọ̀ náà yé mi kí ó tó sọ ọ́ tán. Ṣílè mẹ́rìnlá lọ́nà ogún jẹ́ pọ́n-ùn mẹ́rìnlá, nítorí ogún ṣílè ló wà nínú pọ́n-ùn kan. A ó san owó àwọn alágbàṣe, a ó san owó ilé ẹ̀kọ́, a ó sì rí díẹ̀ fi ra aṣọ sí i lára. Ohun yòówù tí àwọn òyìnbó bá ń ṣe ní ìlú wọn, ọmọ mi á lọ. Kíákíá ni mo wọlé, tí mo mú ṣílè mẹ́wàá jáde nínú owó èkùrọ́ mi, ọkọ mi sì wá mẹ́wàá yòókù. Ọmọ́wùnmí kọ àdéhùn náà sí ìwé, àwọn méjèèjì tẹ ìka.

Ọkọ mi sùn lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi sùn. Lẹ́yìn náà ni kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè, ó di ṣílè méjìdínlógún, ó di mọ́kàndínlógún, ó di ogún. Ẹ ó rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ọmọ aráyé! Ọ̀rọ̀ ogún ṣílè tó ti san ló wá gbé sọ́kàn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì jẹ́ kó gbádùn. Wọ́n á rí i lọ́nà oko, wọ́n á ní, "Fọlọ́runṣọ́ tó fi pọ́n-ùn kan ra ọ̀rọ̀ ẹnu, èló ni wọ́n ń ta atẹ́gùn?" Ẹnìkan nínú ìjọ sọ fún un pé tẹ́tẹ́ ni. Ẹnìkan ní Mùíbì ti kọ́ jìbìtì bọ̀ láti Àbíjàn. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ènìyàn bá san owó, ó gbọ́dọ̀ rí nǹkan gbé lé orí lọ sílé. Bí kò bá rí nǹkan gbé, a jẹ́ pé owó náà wà nílẹ̀ dè é, ìgbàkígbà ló lè padà lọ gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa.

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkèlè sílẹ̀. Ó ń bú Mùíbì lójú mi, ó sì mọ̀ pé ọmọ ìyá mi ni. Mo ní, "Bàbá Wùnmí, ẹ ṣáà jẹ́ kí ọjọ́ pé." Ó ní obìnrin kò mọ ọ̀rọ̀ owó. Ẹni tó yá ṣílè mẹ́wàá lọ́wọ́ mi ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, ó bẹ Bàbá Oyèníran, àgbà ẹbí wọn, pé kí wọ́n tẹ̀ lé òun lọ sí Ẹ̀jìgbò lọ gba owó náà padà lọ́wọ́ Mùíbì. Mo tẹ̀ lé wọn. Bàbá Ṣàkírù, àbúrò bàbá wa, wà lọ́dọ̀ Mùíbì nígbà tí a dé. A kò tíì mu omi tí wọ́n gbé fún wa tí ọkọ mi fi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì, àyà àti àgbọ̀n ló fi kan ilẹ̀, kò sì dìde.

Bàbá Oyèníran ní, "Mùíbì, àna rẹ ló dọ̀bálẹ̀ yìí. Àna kì í gba owó lọ́wọ́ àna kó jẹ́ kó lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Owó tí kò gbé ọjà, dá a padà fún un."

Bàbá Ṣàkírù mi orí. "Òótọ́ ni wọ́n sọ. A kì í fi ìwé bá àna ẹni lò."

Mùíbì wo ọkọ mi nílẹ̀ níbẹ̀. Kò sí "bọ́n" lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. "Mo lè dá a padà," ó ní. "Ṣùgbọ́n bí mo bá dá a padà, àdéhùn ti tú. Owó tí mo tọ́jú de kòkó yín, n ó fi ra obì. Bí kòkó bá wálẹ̀, kò ní sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi fún yín." Ó wá kọjú sí mi. "Bàrákátù, owó tìrẹ wà níbẹ̀. Kí ni o wí?"

Mo mọ ohun tí ó yẹ kí n wí. Mo wo ọkọ mi tó dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo wo àgbà méjèèjì, mo rò ó pé bí mo bá ní rárá, a ó sọ ọ́ ní gbogbo Ará pé ìyàwó Fọlọ́runṣọ́ jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ lásán nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Mo ní, "Ohun tí bàbá Wùnmí bá ti wí náà ni."

Mùíbì ka ogún ṣílè, ó fa ìwé ya. Ọkọ mi ń sú ìfé títí a fi dé Ará. Mo fẹ́ lu ẹnìkan, n kò mọ ẹni tí n bá lù.

Oṣù tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ká kòkó ni iye tí wọ́n ń rà á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ṣílè méjìdínlógún. Ọkọ mi ní òun kò tà, pé ó ń bọ̀ wá di ogún padà. Mẹ́tàlá. Ó ní kí a dúró. A gbé ẹrù mẹ́wàá dé Ẹ̀jìgbò lọ́jọ́ ọjà kan, wọ́n ní mẹ́wàá ni, ó bínú, a tún gbé e padà wálé, ọrùn gbogbo wa fẹ́ yọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti di méje. Òjó ará Másífà, tí òun náà san ṣílè márùn-ún fún Mùíbì lórí ẹrù márùn-ún, tí kò sì lọ gbà á padà, gbé tirẹ̀ lọ, ó gba mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá. Mùíbì ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí owó náà lè pé. Láti ọjọ́ tí a ti gbọ́ èyí ni ọkọ mi kò ti sùn mọ́.

Ó tún mú Bàbá Oyèníran, ó mú pọ́n-ùn kan náà dání, ó di Ẹ̀jìgbò, mo tún tẹ̀ lé wọn. Ó tún dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì yẹn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, owó yín rèé. Ẹ jẹ́ kí àdéhùn wa padà."

Mùíbì ní, "Mo ti fi owó náà ra obì. Ó wà lójú ọ̀nà Àbíjàn." Ṣùgbọ́n Bàbá Oyèníran ti bẹ̀rẹ̀ pé àna kì í ṣe báyìí fún àna, Bàbá Ṣàkírù sì ti ń mi orí. Mo rí i tí ojú ẹ̀gbọ́n mi ń lọ káàkiri ilé náà, ó ń wo ibùsùn, ó ń wo ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n wo ohun tí mo lè tà."

Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi nìyẹn tó ń bọ̀ wá bá mi. Kí n ṣáà dákẹ́ ni, bí mo ti ṣe lọ́jọ́ kìíní.

"Bàbá Wùnmí, ẹ dìde," ni mo wí.

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ọkọ mi gbé orí sókè láti ilẹ̀. "Ọmọ rẹ ńkọ́?"

"Ọmọ mi ni. Ẹ dìde. A ti gba owó wa padà, gbogbo wa la jọ gbà á. Ẹ jẹ́ kí á gbé kòkó wa lọ sí ọjà."

Ó dìde. Mo jáde lọ síta, mo fi gèlè bojú, mo sunkún dáadáa, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pẹ̀tù sí mi.

A ta ogún ẹrù ní ṣílè méje méje. Nígbà tí àwọn alágbàṣe ti gba tiwọn, pọ́n-ùn márùn-ún ló kù, ilé sì ní láti jẹun. Ọkọ mi ní òun ti ránṣẹ́ sí Másífà pé kí àwọn ènìyàn Olújídé wá lẹ́yìn ọdún. Ọmọ́wùnmí kò sunkún. Ó ń fọ àwọn ẹní tí a fi sá kòkó, ó sì bi mí láìwò mí.

"Ìyá mi, nígbà tí wọ́n ní kí ẹ sọ̀rọ̀ nílé bọ̀dá Mùíbì, kí lẹ sọ?"

Mo sọ ọ́ fún un, n kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó ń fọ ẹní rẹ̀ lọ, ó sì ń fọ ibi kan náà.

N kò lè jókòó máa wò ó kí àwọn ará Másífà wá mú un lọ. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ọkọ mi ti lọ sóko, mo mú pọ́n-ùn kan tí Mùíbì dá padà nínú àpótí, nítorí ìdajì rẹ̀ jẹ́ tèmi, ìdajì kejì ni mo gbà fún ìyọnu mi. Mo wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo wá ilé ẹ̀kọ́ náà rí. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Tíṣà Rose ló ń gba orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo gbé pọ́n-ùn náà sórí tábìlì.

Mo ní, "Ẹ bá mi di àyè Ọmọ́wùnmí mú títí di ọdún tó ń bọ̀. Bí mo bá mú pọ́n-ùn mẹ́sàn-án wá nígbà náà, ó wọlé. Bí n kò bá rí i mú wá, ẹ fi ẹlòmíràn síbẹ̀, kí èyí jẹ́ tiyín."

Tíṣà náà lọ bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó pẹ́ kí ó tó padà. Ó ní wọ́n gbà. "Ṣùgbọ́n ṣé ó yé yín, ìyá? Bí ẹ kò bá padà wá, a kò ní dá owó yìí padà."

"Ó yé mi," ni mo wí. "Ẹ kọ ọ́ sí ìwé. Bí ọkùnrin kan bá sì ti Ará wá bẹ̀ yín nítorí rẹ̀, ẹ má dá a padà fún un, bó tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀."