Àgọ́ Tó Bá Ara Mu

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣì ń mí o! Ẹ jẹ́ kí n rí àyè mí sí."

Akunlé ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pe àbúrò aránṣọ nìyẹn, torí ilé kíkùn ló fi ń jẹun. Ó nà gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù láàárín àjákù aṣọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì kúnlẹ̀ tì í, ó ń fi téèpù wọn èjìká rẹ̀ bí ẹni fẹ́ rán kóòtù ọkọ ìyàwó.

"Dákẹ́ jẹ́ẹ́. Aṣọ tó bá fẹ̀ ju ara lọ, ẹ̀gàn aránṣọ ni."

"Ṣé aṣọ lẹ ń rán ni, àbí àgọ́?"

"Kí ni ìyàtọ̀? Ara náà ni yóò wọ inú ẹ̀."

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni aránṣọ ti ń jókòó sídìí máṣíìnì tó kọjú sí fèrèsé. Láti ibẹ̀ ló ti ń wo òkè ńlá kan tó dúdú bí aró lókèèrè. Kò dé ìdí rẹ̀ rí. Lọ́dún tó gba ṣọ́ọ̀bù, kò rówó ọkọ̀. Lọ́dún kejì, oyún ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹsẹ̀ ọ̀tún wú fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, tó ń fi ẹsẹ̀ òsì nìkan tẹ máṣíìnì. Ní báyìí, àwọn ọmọ ti dàgbà, ẹsẹ̀ ti san, ẹgbẹ́ kan tó máa ń fi ẹsẹ̀ gun òkè sì ń lọ sórí òkè náà lóṣù tó ń bọ̀, fún ọjọ́ márùn-ún gbáko.

Nọ́ọ̀sì kan ni olórí ẹgbẹ́ náà, òfin kan ló sì ní fún ẹni tuntun: kó kọ́kọ́ bá wọn pàgọ́ sórí òkè kékeré. Ẹni tí àgọ́ rẹ̀ bá jò, kò ní bá wọn dé òkè ńlá. "Otútù ibẹ̀ kì í ṣeré," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Aṣọ tó rin gbingbin lára èèyàn níbẹ̀, ikú ni."

Ó tún ní kí wọ́n wọ bàtà wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ọjọ́ tó pé. Aránṣọ wọ tirẹ̀ sídìí máṣíìnì, àwọn oníbàárà ń bi í pé ṣé ogun ló ń lọ. Akunlé, tó fẹ́ bá a pín àgọ́, ní ẹsẹ̀ òun kì í ṣe ọmọdé, ọjọ́ tó ku ọ̀la ló ra tirẹ̀. Wọn ò tíì gun òkè kékeré náà dé ìdajì tó fi ń tiro bí adìyẹ tó tẹ ẹ̀gún mọ́lẹ̀.

"Ẹsẹ̀ àgbàlagbà, ẹ kú ìrìn o!" ni aránṣọ kí i.

"Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣáà máa lọ."

Nọ́ọ̀sì dá wọn dúró, ó fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ wé gìgísẹ̀ Akunlé níbi tó ti bó, ó sì tú àpò rẹ̀ palẹ̀. Omi àti ìkòkò ló wà lápá ìta, tó ń fà á sẹ́yìn. "Ohun tó bá wúwo, ẹ jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn yín bí ọmọ tí a pọ̀n. Kí ẹ sì máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Ẹ má dúró de òùngbẹ."

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n dé orí òkè. Akunlé rí kòtò kan tó rọ̀ bí ibùsùn, ó fẹ́ ju ẹrù sílẹ̀ níbẹ̀. "Omi ló ń sùn síbẹ̀," ni Nọ́ọ̀sì wí. Wọ́n wá ibi tó ga díẹ̀, wọ́n gbójú sókè wò bóyá ẹ̀ka gbígbẹ kan lè já lù wọ́n, wọ́n kọ ẹ̀yìn àgọ́ sí afẹ́fẹ́, wọ́n sì kan èèkàn mọ́lẹ̀. Àgọ́ náà gún régé. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Inú aránṣọ dùn débi pé kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí.

Ìgbà tí wọ́n kó ẹrù wọlé, tí àwọn méjèèjì sì dùbúlẹ̀ ni wàhálà dé. Èjìká ọ̀tún kan aṣọ, èjìká òsì kan aṣọ. Ó ti wọn ara méjì, kò wọn àpò méjì.

Nọ́ọ̀sì yọjú. "Màmá, bí òjò bá ń rọ̀, ibi tí ara bá ti kan aṣọ ni omi ń gbà wọlé." Ó tọ́ka sí ìwọ̀ oòrùn, níbi tí òjò ti ṣú. "Wákàtí kan ló kù fún ìyẹn. Ọkọ̀ ṣì wà nísàlẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú ká sọ̀ kalẹ̀."

Aránṣọ ti ń wá abẹ́rẹ́ nínú àpò. "Ẹ fún mi ní wákàtí náà."

Kò sí aránṣọ tó gbọ́n tí kì í ká aṣọ díẹ̀ pamọ́ sínú ojú rírán, torí oníbàárà lè sanra lọ́la. Ìka mẹ́rin-mẹ́rin ló ká sínú ojú rírán méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ yìí. Ó tú okùn, ó dojú àgọ́ délẹ̀, ó sì fa abẹ́rẹ́ yọ. Ojú tuntun ló kọ́kọ́ rán létí aṣọ kó tó fi abẹ já ti àtijọ́, kí aṣọ má baà ṣí sílẹ̀. Akunlé bá a fà á le. Ọwọ́ aránṣọ ń yára, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì mọ̀ pé òun ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí aṣọ náà tú jáde, ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ hàn lára rẹ̀, àìmọye, ní ìlà gbọọrọ.

"Ó tán," ni Akunlé wí.

"Kò tán. Mú àbẹ́là wá." Lọ́dún tí òrùlé yàrá wọn ń jò, abọ́ méje ló ń gbe omi fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kó tó fi àbẹ́là ra ojú rírán tapólì tó ta bo páànù. Jíjò náà dúró.

Ojú Akunlé là. "Dídí ihò kéékèèké? Iṣẹ́ mi nìyẹn! Ẹ kúrò níbẹ̀." Ó ra àbẹ́là náà bí ìgbà tó ń dí ihò ara ògiri kó tó kùn ún, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́rùn bí wọ́n ṣe ń fa okùn ìkẹyìn le.

Òjò náà dé pẹ̀lú ariwo. Àwọn méjèèjì jókòó sáàárín, wọ́n fẹ̀yìn tira, wọ́n ń wo aṣọ. Akunlé gbé ọwọ́ sókè.

"Má fọwọ́ kàn án!"

"Imú ló ń yún mi, ẹ̀gbọ́n mi."

"Jẹ́ kó máa yún ọ."

Bí òjò ṣe dẹwọ́ díẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì rá wọlé, omi ń kán lára rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ilẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ra ilẹ̀ abẹ́ ojú rírán, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó tún ra á. Ilẹ̀ gbẹ.

"Ẹ lọ wá ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn," ló wí nígbẹ̀yìn. "Méjì fún ẹsẹ̀ kan."

"Ṣé pé... ṣé mò ń bá yín lọ ni?"

"Màmá, mo ní ẹ wá ìbọ̀sẹ̀."

Aránṣọ, tí kì í pariwo láàárín èèyàn, fò síta láìwọ bàtà. Ó ń sáré láti àgọ́ dé àgọ́ nínú òjò. "Mò ń lọ! Mò ń lọ o!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, òjò ń pa yín!"

"Aṣọ gbígbẹ wà nínú ọ̀rá, mo ti so ó lẹ́nu pinpin!" ló ké padà, ó sì forí lé àgọ́ tó wà lókèèrè, torí ó ṣeé ṣe kí àwọn yẹn má tíì gbọ́.