Ó Dí, Kò Jinná

Ìkórè ku ọ̀la nígbà tí Mosúnmọ́lá fọwọ́ kan ojúgun bàbá rẹ̀, tó sì bá a pé ó gbóná bí ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Egbò tó ti ń ṣọyún láti ìgbà tí bàbá náà, Bámgbóyè, ti jábọ́ lórí igi obì ti dí. Awọ tuntun bò ó, ó ń dán. Gbogbo ìlú Òkè-Ìlá ti ń kí wọn kú oríire.

"Bàbá, ara yín gbóná."

"Ẹni tí Olúwa wò sàn, ṣé kó tutù bí òkú ni?" Bàbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n.

Dókítà ti sọ pé eegun inú ẹsẹ̀ náà ló ń rà. Ó fún wọn ní kápúsù pé kí bàbá máa gbé e mì. Ìyá Ṣìkẹ́, eléwé ará Ìgèdè, fi òrí gún ewé ìyeyè, ó ní kí wọ́n máa fi lé egbò, kí ẹnu rẹ̀ má baà pa dé títí eegun tó kú yóò fi jáde. Dókítà kò bá ewé jà, eléwé kò bá kápúsù jà. Mosúnmọ́lá kó méjèèjì fún bàbá, ó padà síbi iṣẹ́ tíṣà rẹ̀ ní Ìjan. Òní ló tó wálé fún Ìkórè.

"Ṣé ẹ ń gbé kápúsù mì?"

"Gbé mì kẹ̀? Mo ń tú u sójú egbò ni. Oògùn tí a gbé mì, ta ni yóò júwe ọ̀nà ẹsẹ̀ fún un?"

"Ewé ńkọ́?"

"Mo sè é mu."

"Tòrí-tòrí?"

"Òrí ọ̀hún ló jẹ́ kó yọ̀ lọ́nà ọ̀fun!"

Ẹ̀rín kò wá sẹ́nu Mosúnmọ́lá. "Yéè! Bàbá, olè wà nínú ulé, ẹ wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó dí, kò jinná. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́sibítù."

"Ọ̀la kọ́ ni Ìkórè? Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni n ó fi rìn dé pẹpẹ lọ dúpẹ́."

"Ẹsẹ̀ mélòó ni ẹ ó fi rìn lọ́dún tó ń bọ̀?"

Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀, ó ń ki í. "Àrẹ̀mú, ọmọ olókè tí í fi àpáta ṣe ọgbà. Ọmọ a-gbọ́-ẹ̀bẹ̀-bí-ẹni-gbọ́-òjò. Mo bẹ̀ yín."

Bàbá fà á lọ́wọ́ dìde. "Pe Ọlálẹ́yẹ awakọ̀ kó gbé mọ́tò wá."

Dókítà la ibẹ̀. Ọyún tú jáde, èérún eegun sì bá a jáde. Mosúnmọ́lá bi í pé ṣé wọn kò ní gé ẹsẹ̀ náà. Dókítà ní, "Ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná. Ẹ máa gbàdúrà."

Lọ́jọ́ Ìkórè, bàbá wà lórí ibùsùn ọsibítù; Mosúnmọ́lá nìkan ló dé ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí àlùfáà bi í pé ọpẹ́ kí ni bàbá fẹ́ dá, ó dìde.

"Ẹ̀bẹ̀ ni, sà. Ẹ bá wa bẹ Olúwa, kí egbò yẹn má tíì dí."