Ohun Tí Ìyá Wọn Kò Gbọ́

Ogójì ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ káfíńtà. Mo ti kan ilẹ̀kùn sí ilé-ìwé, sí ilé olówó àti ilé tálákà, ṣùgbọ́n nínú ilé tèmi, iyàrá kankan kò ní ilẹ̀kùn. Kọ́tìnì ni a ń lò. Ìyàwó mi a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ níwájú àlejò: "Ẹ wá wò ó, káfíńtà ni mo fẹ́, aṣọ ni mò ń tì bí ilẹ̀kùn." Bí àlejò bá ti lọ, a máa bi mí léèrè.

"Bàbá wọn, kí ni ilẹ̀kùn ṣe fún yín?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Nígbà tó yá, ó gbọ́ pé nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn àdúgbò máa ń kó àwọn tí ìyà jẹ ní kékeré jọ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ kí wọ́n lè sọ ọ́ jáde. Ó bẹ̀ mí kí n lọ. Mo ní ọ̀rọ̀ àná ti bá àná lọ. Ó bẹ̀ mí títí ó fi sú u. Oṣù karùn-ún rèé tí ó ti kú.

Ọmọ wa obìnrin wá bá mi gbé pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ ń yọ ọmọ lẹ́nu, kí n bá òun kan ilẹ̀kùn. Mo kàn án. Nígbà tí ó wọlé tí mo gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí, mo lọ mú àpótí irinṣẹ́ mi. Bí ó ti jáde báyìí, mo tú ilẹ̀kùn náà kúrò.

"Bàbá, èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn?"

Mo ń kó ìṣó jọ.

"Màámi sọ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn fún mi. Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀. Ẹ máa lọ síbẹ̀."

Ní ọjọ́ kejì, ènìyàn mẹ́fà ni mo bá ní ilé ìwòsàn náà, nọ́ọ̀sì wà lára wọn. Mo fa àga sí ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ sún mọ́ wa," ni awakọ̀ kan tó sanra wí. "Àga ibí kì í géni jẹ. Èmi ni mò ń ni í lára."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Ariwo pọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nọ́ọ̀sì dìde láti ti ilẹ̀kùn.

"Má tì í," ni mo wí.

"Kò burú, sà. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ìdí rẹ̀, a ń gbọ́. Bí ẹ ò bá sì fẹ́, ó máa wà ní ṣíṣí bẹ́ẹ̀."

Mo sọ ọ́. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí wọ́n fi mí sọ́dọ̀ arábìnrin bàbá mi. Bí mo bá ṣẹ̀ ẹ́, a máa tì mí mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ àtẹ̀gùn, a sì máa mú kọ́kọ́rọ́ lọ síbi iṣẹ́. Ní ọjọ́ kan, ó gbàgbé mi síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mo ké títí ohùn mi fi há. Nígbà tí ó ṣí i, ó nà mí torí pé mo tọ̀ sára.

Kò sí ẹni tó ní kí n dárí jì í. Awakọ̀ bu omi fún mi.

"Ṣé ìyàwó yín mọ̀?" ni ó bi mí.

"Rárá. Ó ti kú."

Ibẹ̀ ló ti dùn mí jù. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni obìnrin náà fi bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, àjèjì mẹ́fà ni mo wá dá lóhùn. Ká ní mo lè rí i fún wákàtí kan péré, ǹ bá jókòó tì í, ǹ bá sọ ọ́ fún un.

Nígbà tí mo délé, ọmọ mi ń fọ aṣọ ọmọ rẹ̀. Ó fẹ́ dìde kí mi. Mo ní kí ó jókòó.

"Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí ìyá rẹ ti gbọ́ lẹ́nu mi," ni mo wí. "Ìwọ ni ó kù tí mo lè sọ ọ́ fún."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó.